Láńdírófà Tó Ń Lọ sí Ayewa

Kabba,
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù Kẹfà, ọdún 2024.

Ayọ̀kẹ́mi ọmọ mi,

Okun o. Okun òtútù, okun iṣẹ́, okun àdágbé. Ṣé ara le? Èmi náà wà, àfi etí yìí tó ti kọ̀ mí sílẹ̀ pátápátá. Ní ọjọ́ Àìkú tó kọjá tí o pè, ohùn rẹ ń ta pàrà nínú fóònù bí àgbàdo lórí iná. Mo kàn ń ṣe "hẹn, hẹn" ni. Mi ò gbọ́ nǹkan kan. Nítorí náà mo ti pinnu: lẹ́tà ni a ó máa kọ síra wa. Tísà Àdúràọlá, aládùúgbò wa tí ìyá rẹ fẹ́ràn, ní òun á máa fi fóònù òun ya fọ́tò tèmi ránṣẹ́ sí ọ, òun á sì máa tẹ tìrẹ jáde fún mi níbi tí wọ́n ti ń ṣe fọ́tókópì. Má kọ ọ́ wínníwínní.

Ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ nìyí. Àwọn ẹbí ìyá rẹ ní Ayewa ti mú ọjọ́ ìrántí ọdún kan ikú rẹ̀. Sátidé, ọjọ́ kẹrìndínlógún oṣù Kọkànlá ni. Wọ́n fẹ́ fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ ojú oórì rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, wọ́n ní ọkọ rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ da sí i kí bíríkìlà tó fọwọ́ kàn án. Mo ti sọ fún wọn pé èmi fúnra mi ni n óò wa ara mi dé. Ọdún mẹ́rìndínlógójì ni mo fi wa ìyá rẹ lọ sí ilé bàbá rẹ̀. Ẹlòmíì ò wà á lọ rí, àfi ọjọ́ tí wọ́n gbé e lọ sin. Mi ò ní wọ mọ́tò onímọ́tò lọ kí i.

Ṣùgbọ́n Láńdírófà ń yọ mí lẹ́nu. Tí mo bá di sìtíárìn mú, mọ́tò ò dúró lójú kan. Ó ń fì sọ́tùn-ún, ó ń fì sósì bí ẹni tó mu ẹmu yó. Bọ́kìsì sìtíárìn, àpótí irin tó so sìtíárìn mọ́ táyà, ló ti jẹ. Àwọn mẹkáníìkì wa yìí, kí Ọlọ́run dárí jì wọ́n! Nígbà tí ọ́ìlì ń jò lára rẹ̀, dípò kí wọ́n pààrọ̀ sîlì, rọ́bà tó ń dí ọ́ìlì mọ́nú, gírísì ni wọ́n rọ́ kún inú rẹ̀ bámúbámú. Gírísì kì í sì í ṣàn padà síbi tí irin ti ń lọ irin. Ó kàn lẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ ni, irin wá ń jẹ irin ní gbígbẹ. Èmi àti Andrew ọ̀rẹ́ mi, tó ti fẹ̀yìn tì nídìí mẹkáníìkì, fẹ́ tú u. Bá mi wá bẹ́árìn rẹ̀, àwọn bọ́ọ̀lù kéékèèké inú rẹ̀, àti sîlì. Kò sí ní Kabba. Mo lọ dé Odò-Ẹrẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn alálòkù, kò sí níbẹ̀ náà.

Máa jẹun o.

Bàbá rẹ,
Hezekiah Ọlábímtán.


Hull, England,
Ọjọ́ kẹrìndínlógún, oṣù Kẹfà, 2024.

Bàbá mi,

Mo kúnlẹ̀ o. Okun o, sà. Mo ka lẹ́tà yín nínú ilé ìdáná níbi iṣẹ́, mo rẹ́rìn-ín débi pé obìnrin tí a jọ ń ṣiṣẹ́ bi mí pé kí ló dé. Mo ní bàbá mi ń bú mẹkáníìkì. Kò yé e. Ta ni n bá ṣàlàyé fún?

Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé Láńdírófà yìí ò tó tà báyìí? Ẹ máa pé ọdún méjìdínlọ́gọ́rin nínú oṣù Kejìlá. Ẹ ò gbọ́ fèrè, ọ̀nà Ayewa ò sì dáa. Ẹ jẹ́ kí Bàbá Andrew wà yín lọ, kí ọkàn mi lè balẹ̀. Mo mọ̀ pé ẹ ò ní gbọ́, nítorí náà mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í wá nǹkan tí ẹ ní kí n wá.

Nǹkan kan tún wà. Ìwé ìgbélùú mi ti jáde lóṣù tó kọjá, lẹ́yìn gbogbo ìrìn. Mo lè jáde níbí báyìí kí n sì padà wọlé. Mo fẹ́ bi yín, sà: ṣé kí n máa bọ̀ fún ìrántí Màámi? Ẹ kàn sọ pé "máa bọ̀", n óò gba ìsinmi níbi iṣẹ́. Mi ò fẹ́ kàn já wọlé bẹ́ẹ̀, èmi tí mi ò wá síbi ìsìnkú. Mi ò mọ ojú tí ẹ óò fi wò mí.

Ọmọ yín,
Ayọ̀kẹ́mi.


Kabba,
Ọgbọ̀njọ́, oṣù Kẹfà, 2024.

Ayọ̀kẹ́mi,

Okun o. Ta Láńdírófà kẹ̀? Ó dáa. Tí o bá ti tà á tán, wá ta èmi náà.

A ti tú bọ́kìsì náà. Ọjọ́ mẹ́ta ló gbà wá kó tó já lára mọ́tò, torí gbogbo nọ́ọ̀tì rẹ̀ ti dípẹtà. Nígbà tí a ṣí i, gírísì inú rẹ̀ ti dúdú, ó ti gan bí ẹ̀kọ àná. A fi kẹrosíìnì fọ̀ ọ́. Irin gígùn kan wà nínú rẹ̀ tí ojú ọ̀nà wà lára rẹ̀, ó ń lọ́ yí irin náà ká, ibẹ̀ ni àwọn bọ́ọ̀lù ń gbà yí lọ yí bọ̀. Igun méjèèjì irin náà ṣì ń dán. Àárín ló ti jẹ. Andrew ní ṣebí ojú ọ̀nà tààrà ni mo ń lọ jù, àárín yẹn ni sìtíárìn sì máa ń wà tí mọ́tò bá ń lọ tààrà. Ó ní nítorí náà a ò gbọdọ̀ fún ìdè bọ́kìsì náà le jù. Tí a bá fún un títí tí àárín fi le dáadáa, igun tí kò tíì jẹ yóò há nígbà tí a bá dé kọ́nà, sìtíárìn ò ní yí, a ó sì bá ara wa nínú igbó. Gbogbo èyí mo ti mọ̀ tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n mo jẹ́ kó sọ ọ́. Inú rẹ̀ ń dùn tó bá ń kọ́ mi.

Mo gún iyán lánàá. Iyán ẹnìkan ṣòro gún, iṣu kékeré yẹn kàn ń sá kiri nínú odó ni. Mo bá gún ti ẹni méjì, mo jẹ ìdajì, mo gbé ìyókù fún ajá Tísà.

Iṣẹ́ rẹ ńkọ́? Má náwó jù lórí nǹkan tí mo ní kí o rà.

Bàbá rẹ.


Hull,
Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù Keje, 2024.

Bàbá mi,

Okun o, sà. Ẹ fún mi ní gírísì, ẹ fún mi ní iyán, ẹ ò fún mi ní èsì. Mo bi yín bóyá kí n máa bọ̀. Mo ṣì ń retí o.

Bẹ́árìn kẹ̀, bọ́ọ̀lù kẹ̀? Odidi bọ́kìsì ni mo rà! Ọkùnrin kan wà ní abúlé kan níbí tó ń tú Láńdírófà àtijọ́ tà. Ó ti tún eléyìí ṣe látinú wá. Ó bi mí ní ọdún tí wọ́n ṣe tiyín, mo sọ ọ́ wéré. Ó bi mí ní irú ẹ́ńjìnnì, mo sọ ọ́. Ó ní ṣé bọ́kìsì tí gbogbo èèyàn ń lò ni mo fẹ́, mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní ó dájú pé ọmọ mẹkáníìkì ni mí. Orí mi wú. Bọ́kìsì náà ti wà nínú ẹrù ọkọ̀ ojú omi, wọ́n ní tó bá gúnlẹ̀ wọn yóò gbé e dé Abuja, wọn yóò sì fi mọ́tò gbé e wá sí Kabba.

Ẹ bi mí nípa iṣẹ́. Mo ń tọ́jú àwọn arúgbó, bí mo ṣe sọ fún yín. Bàbá kan wà níbẹ̀ tí mo ń wẹ̀ láràárọ̀, orúkọ ọmọ rẹ̀ ló fi ń pè mí, mo sì ń jẹ́ ẹ. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ó bi mí pé ìgbà wo ni mo máa wá kí òun. Mo ní mo ti wá, bàbá, èmi nìyí. Mo parí aṣọ wíwọ̀ rẹ̀, mo lọ ti ilẹ̀kùn ilé ìgbọ̀nsẹ̀ mọ́ra, mo sunkún.

Ọmọ yín,
Ayọ̀kẹ́mi.


Kabba,
Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, oṣù Kẹjọ, 2024.

Ayọ̀kẹ́mi,

Ẹrù rẹ dé ní Ọjọ́bọ̀. Andrew bá mi gbé e láti gáréèjì. Nígbà tí a já páálí rẹ̀, ó ń dán, wọ́n ti kùn ún ní dúdú, inú mi dùn débi pé mo pe Tísà wá wò ó. Ìgbà tí a gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ tàtijọ́ ni Andrew tẹjú mọ́ ọn. Ó yí i sókè, ó yí i sódò. Ó ní, "Hezekiah, ti ọ̀tún ni èyí."

Ti ọ̀tún, Ayọ̀kẹ́mi! Bọ́kìsì mọ́tò tí awakọ̀ rẹ̀ ń jókòó lápá ọ̀tún ni o rà fún mi, bí àwọn òyìnbó rẹ ṣe ń jókòó. Òdìkejì tèmi ni irin inú rẹ̀ lọ́ sí. Tí mo bá dè é mọ́ Láńdírófà mi, n óò yí ọwọ́ sọ́tùn-ún, táyà á lọ sósì. Láti ọdún 1972 tí wọ́n ti yí ọ̀nà padà ní Nàìjíríà, òsì ni awakọ̀ ń jókòó. Wọn ò tíì bí ọ nígbà náà. Inú Láńdírófà yẹn lo dàgbà sí, àárín èmi àti ìyá rẹ lo máa ń wà. Ọwọ́ rẹ wo ni mo wà sí? O ti gbàgbé ẹ̀gbẹ́ tí bàbá rẹ ń jókòó sí.

Mi ò fẹ́ sọ ọ́, ṣùgbọ́n ó ti dé ẹnu mi. Lọ́jọ́ tí a sin ìyá rẹ, gbogbo Ayewa ń bi mí, "Ayọ̀kẹ́mi dà?" Mo ní ó wà lọ́nà. Mo parọ́ lẹ́bàá oórì nítorí rẹ. Ìwọ nìkan ni a bí.

Hezekiah Ọlábímtán.


Hull,
Ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n, oṣù Kẹjọ, 2024.

Bàbá mi,

Ẹ má bínú. Ó yẹ kí n mọ̀. Nígbà tí mo ka lẹ́tà yín tán mo pa ojú dé, mo sì rí yín: ọwọ́ òsì mi lẹ wà, ọwọ́ yín tó ń yí jíà ń gbá mi lórúnkún, Màámi ń sọ pé kí n fa ẹsẹ̀ mọ́ra. Mi ò gbàgbé yín, bàbá. Ọdún mẹ́fà ni mo ti ń wọ bọ́ọ̀sì tí dírébà rẹ̀ ń jókòó lápá ọ̀tún, mi ò mọ ìgbà tó di ohun tó tọ́ lójú mi. Ẹ̀rù bà mí nígbà tí mo rí i.

Ọ̀rọ̀ ìsìnkú tí ẹ sọ, mo dúpẹ́ pé ẹ sọ ọ́. Oṣù mẹ́sàn-án ni mo ti ń retí rẹ̀. Àmọ́ ẹ̀yin fúnra yín lẹ ní kí n má wá! Ìwé mi wà lọ́wọ́ ìjọba wọn níbí, tí mo bá jáde nígbà yẹn, wọn ò ní jẹ́ kí n wọlé mọ́. Mo sọ fún yín, ẹ ní, "Jókòó síbẹ̀, òkú ò mọ ẹni tó wá." Mo gbọ́ràn sí yín lẹ́nu. Lọ́jọ́ náà mo lọ síbi iṣẹ́ nítorí mi ò lè dá jókòó sínú yàrá. Mo lọ aṣọ gbogbo arúgbó tó wà nínú ilé yẹn, mo ń retí kí ẹnìkan bi mí ní ohun tó ń ṣe mí. Kò sẹ́ni tó bi mí.

Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi bẹ́ẹ̀. Tí ẹ bá ń fẹ́ nǹkan lọ́wọ́ mi, bàbá, ẹ sọ ọ́ síta. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti bi yín bóyá kí n máa bọ̀ lóṣù Kọkànlá. Ẹ̀ẹ̀kẹta rèé.

Ayọ̀kẹ́mi.


Hull,
Ọjọ́ kejìlélógún, oṣù Kẹsàn-án, 2024.

Bàbá mi,

Okun o, sà. Ó ti lé lọ́sẹ̀ mẹ́ta. Mo pe fóònù yín, ẹ gbé e, ẹ ní "hẹn, hẹn", ẹ sì pa á. Mo ṣáà gbọ́ ohùn yín. Tí ọ̀rọ̀ mi bá ti pọ̀ jù, ẹ bú mi, kí n lè mọ̀ pé ẹ kà á.

Ayọ̀kẹ́mi.


Kabba,
Ọjọ́ kẹfà, oṣù Kẹwàá, 2024.

Ayọ̀kẹ́mi àbúrò mi,

Okun o. Èmi Àdúràọlá ni mo ń kọ èyí, bàbá ò mọ̀. Má jẹ́ kí àyà rẹ já, ara wọn le. Gbogbo lẹ́tà rẹ ni mo tẹ̀ jáde fún wọn. Wọ́n á kà á lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n á ká a sínú àpò, wọ́n á padà sídìí iṣẹ́. Bọ́kìsì méjèèjì ni wọ́n ti tú palẹ̀ sórí ẹní ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, tìrẹ lápá kan, tàtijọ́ lápá kejì, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ń jẹun. Lọ́jọ́ kan mo gbọ́ tí wọ́n ń sọ̀rọ̀, mo rò pé àlejò ló wà, mo bu omi lọ. Kò sí ẹnì kankan. Màmá rẹ ni wọ́n ń ṣàlàyé iṣẹ́ náà fún.

Mo ní kí n sọ fún ọ.

Àdúràọlá.


Kabba,
Ogúnjọ́, oṣù Kẹwàá, 2024.

Ayọ̀kẹ́mi ọmọ mi,

Okun o. Ohun tí o rà ò ṣòfò. Bọ́ọ̀lù ò ní ọ̀tún, bẹ́ẹ̀ ni kò ní òsì. Bẹ́árìn náà ò ní. Sîlì náà ò ní. A yọ gbogbo wọn nínú tìrẹ, a kó wọn sínú tèmi. Irin gígùn àárín nìkan ni a ò lè pààrọ̀, torí ó lọ́ sódì. Ṣé o rántí bí mo ṣe bú gírísì? Gírísì náà ni Andrew fi lẹ àwọn bọ́ọ̀lù náà mọ́ ojú ọ̀nà wọn kí wọ́n má baà bọ́ nígbà tí a ń tò ó. Síbẹ̀ ọ̀kan bọ́ lọ́wọ́ mi, ó yí wọ abẹ́ àpótí aṣọ ìyá rẹ. Àgbàlagbà méjì dojú bolẹ̀ fún odindi wákàtí kan, a ń wá bọ́ọ̀lù. A rẹ́rìn-ín títí inú fi ń run wá. A wá da ọ́ìlì jíà sí i. Kò jò, ẹ̀kán kan ṣoṣo ò kán sílẹ̀. Andrew wà á yí ìta ṣọ́ọ̀ṣì ká lẹ́ẹ̀mẹta, ó ní ó ti di tuntun. Èmi ò tíì wà á. Mo fi tèmi pamọ́ de ọjọ́ Ayewa.

Ọ̀rọ̀ tí o sọ, òótọ́ ni. Èmi ni mo ní kí o má wá. Mo sọ ọ́ bí ọkùnrin, mo tún wá ń retí kí o ṣàìgbọràn. Kì í ṣe ẹ̀bi rẹ. Mo ti bẹ̀ ọ́.

Ní ti oṣù Kọkànlá, má da iṣẹ́ rẹ rú nítorí mi. Mọ́tò ti dára. Mo lè dá lọ.

Bàbá rẹ.


Hull,
Ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n, oṣù Kẹwàá, 2024.

Bàbá mi,

Okun o, sà. Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀yin àti Bàbá Andrew. Mo rẹ́rìn-ín bọ́ọ̀lù yẹn.

Ó dáa. Mo ti sọ fún ọ̀gá mi pé mi ò gba ìsinmi mọ́. Tí ẹ bá ń da sìmẹ́ǹtì yẹn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi da díẹ̀ sí i. Ẹ dárúkọ mi kí Màámi lè mọ̀.

Ayọ̀kẹ́mi.


Kabba,
Ọjọ́ kẹtàdínlógún, oṣù Kọkànlá, 2024.

Ayọ̀kẹ́mi ọmọ mi,

Okun o. A lọ, a sì bọ̀ láyọ̀. Jókòó kí o tó ka ìyókù.

Aago méje àárọ̀ la gbéra, èmi nídìí sìtíárìn, Andrew lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. A ò tíì jáde ní Kabba tán tí mọ́tò bẹ̀rẹ̀ sí í fì. Mo dúró, mo ṣí iwájú rẹ̀, mo fún ìdè bọ́kìsì náà díẹ̀. A tún lọ. Ó tún ń fì. Tírélà kan tẹ fèrè lẹ́yìn wa, mi ò gbọ́, Andrew ló gbá mi léjìká. Mo tún sọ̀ kalẹ̀, mo tún fún un. Nígbà tí yóò fi di ẹ̀ẹ̀kẹta, ó ti le débi pé ó ń há ní kọ́nà. Mo bú Andrew, mo ní ọwọ́ rẹ̀ ló ba iṣẹ́ jẹ́. Mo bú ọkùnrin tó ta bọ́kìsì fún ọ. Díẹ̀ ló kù kí n bú ìwọ náà.

Andrew sọ̀ kalẹ̀. Ó tú ìdè náà padà síbi tí a ti fi í sí tẹ́lẹ̀, ó ní kí n sún. Ó wà á. Ayọ̀kẹ́mi, mọ́tò náà lọ tààrà. Mo ní kó dúró, mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ó fì. Mo dá a padà fún un, ó lọ tààrà. Andrew ò wò mí, ojú ọ̀nà ló ń wò. Ìgbà náà ni mo wo ọwọ́ mi lórí itan mi. Wọ́n ń gbọ̀n. Mi ò di nǹkan kan mú, wọ́n ṣáà ń gbọ̀n. Bọ́kìsì jẹ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun nìkan. Mi ò mọ ìgbà tó bẹ̀rẹ̀. Láti bí oṣù mélòó kan ni mo ti ń kọ lẹ́tà rẹ lẹ́ẹ̀mejì kó tó ṣeé kà, bíírò ni mo ń bú. Kò sí ẹni tó ń jókòó tì mí nílé tí ìbá sọ fún mi. Ọjọ́ kìíní ni ìyá rẹ ìbá ti rí i.

Andrew ló wà mí dé Ayewa. Nígbà tí wọ́n gbé abọ́ sìmẹ́ǹtì lé mi lọ́wọ́, ó dà sí mi lẹ́sẹ̀. Àwọn àna mi rò pé ẹkún ni, wọ́n ń sọ pé kí n mú un mọ́ra. Mo jẹ́ kí wọ́n rò bẹ́ẹ̀. Mo da tèmi, mo da tìrẹ, mo dárúkọ rẹ sókè débi pé àwọn ọmọdé ń wò mí.

Ẹ̀ẹ̀mẹta lo bi mí ní ìbéèrè kan, Ayọ̀kẹ́mi, mo sì ń sọ̀rọ̀ mọ́tò fún ọ. Ẹ̀rù ló ń bà mí. Mo ní tí mi ò bá pè ọ́, o ò ní lè sọ fún mi pé o ò ráyè.

Ìrántí ti kọjá. Wọ́n ti rẹ́ ojú oórì náà, iṣẹ́ ibẹ̀ ti parí. Kò sí nǹkan kan mọ́ tí o lè sọ fún ọ̀gá rẹ pé o fẹ́ wá ṣe, àfi èmi.

Máa bọ̀.

Bàbá rẹ.